Àlùmọ́gàjí Màmá Lẹ́nu Ọ̀nà Tíátà

[Fóònù ń dún. Ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun ń kùn lẹ́yìn. Wọ́n gbé e.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ́lò! Ta nìyẹn? Ẹ bá mi dín ariwo yẹn kù níbẹ̀ yẹn jàre! Hẹ́lò!

ÀBÚRÒ: Àǹtí, èmi ni o. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ooru ààrò.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀gá Fíríìjì! Àbúrò mi àtàtà! Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Gbogbo wọn wà dáadáa. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi—

Ẹ̀GBỌ́N: Ohùn rẹ ń lọ, ó ń bọ̀. Fíríìjì ta lo tún tú palẹ̀ lónìí, tó ò mọ bó o ṣe máa tò ó padà? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́ yín. Mi ò sí níbi iṣẹ́. Ẹ bá mi bá Màmá sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí wọ́n gbé kí ni sílẹ̀?

ÀBÚRÒ: Àlùmọ́gàjí. Èyí ńlá, tí wọ́n fi ń gé aṣọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀. Mo tì í mọ́nú àpótí nígbà tí mo wá. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyí nínú pọ́ọ̀sì mi.

ÀBÚRÒ: Àǹtí, ẹ̀yìn àpótí yẹn, ikán ti jẹ ẹ́ tán. Wọ́n kàn fi ẹsẹ̀ tì í ni, ó ya.

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ̀n-ẹ́n! Ìyá yìí á pa mí! Màmá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ṣubú ní balùwẹ̀, tí ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́, aṣọ ta ló tún fẹ́ gé?

ÀBÚRÒ: Kì í ṣe aṣọ ni wọ́n gé.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí wá ni?

ÀBÚRÒ: [Ó mí kanlẹ̀.] P.O.P. ni.

Ẹ̀GBỌ́N: P.O.P. wo?

ÀBÚRÒ: Èyí tí dókítà fi di ọwọ́ wọn tó ṣẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Yéè! Mo gbé!

[Páànù kan já bọ́, ó dún gbàǹgà. Ohùn kan ní: "Mádàámù, ṣé kò sí nǹkan?"]

Ẹ̀GBỌ́N: Kò sí nǹkan kan! Ẹ kojú sí iṣẹ́ yín! Fíríìjì, ibo lẹ wà báyìí?

ÀBÚRÒ: Ọsibítù. Mo yà kí wọn láàárọ̀, mo bá ọwọ́ wọn ní ìhòòhò. P.O.P. wà nínú abọ́ omi, wọ́n ti gé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gún régé bí ìgbà tí wọ́n gé apá ṣẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Màmá, kí lẹ ṣe yìí?" Wọ́n ní kí n lọ wá táksí.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ni dókítà wí?

ÀBÚRÒ: Wọ́n ya X-ray míì. Egungun ti yẹ̀. Tí ẹ bá wo ọwọ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ̀ bí ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì.

Ẹ̀GBỌ́N: Àbí ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n gé P.O.P., egungun wá yẹ̀! Ta ni ká dá lẹ́bi?

ÀBÚRÒ: Rárá o, Àǹtí. Dókítà ní ó ti yẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Inú P.O.P. yẹn náà ló yẹ̀ sí.

Ẹ̀GBỌ́N: Irọ́ ni.

ÀBÚRÒ: Mo rí àwòrán rẹ̀. Ibi tó ṣẹ́ ti ń gbìyànjú láti jiná, ṣùgbọ́n wíwọ́ ló fẹ́ fi jiná. Ó ní inú egungun wọn ti rọ̀, kò lágbára láti—

[Ìlà ń já.]

Ẹ̀GBỌ́N: Hẹ́lò? Láti kí ni? Ṣé o gbọ́ mi?

ÀBÚRÒ: —láti gbé ara rẹ̀ ró. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́ ìdajì. Sọ fún wọn kí wọ́n nà án, kí wọ́n fi P.O.P. míì dì í. Màá san án. Màá tún wá fúnra mi lọ́la, màá jókòó tì wọ́n bí ọlọ́pàá.

ÀBÚRÒ: Kì í ṣe P.O.P. ni wọ́n fẹ́ ṣe.

Ẹ̀GBỌ́N: Fíríìjì.

ÀBÚRÒ: Ẹ fara balẹ̀ ná.

Ẹ̀GBỌ́N: Má sọ ọ́ o.

ÀBÚRÒ: Iṣẹ́ abẹ ni. Wọ́n fẹ́ fi irin pẹlẹbẹ sí i. Àǹtí, ẹnu ọ̀nà tíátà la wà. Màmá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, wọ́n ti wọ aṣọ funfun fún wọn, wọn ò tíì jẹun láti àárọ̀. Àlùmọ́gàjí ló kù. Wọ́n há a mọ́ abẹ́ apá òsì, wọn ò fún nọ́ọ̀sì, wọn ò fún èmi. Nọ́ọ̀sì ní kò sí irin ìta tó ń wọ tíátà.

Ẹ̀GBỌ́N: A ti sọ ọ̀rọ̀ yìí lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Mo ní rárá. Ṣé mo ní rárá àbí mi ò ní rárá?

ÀBÚRÒ: Ẹ ní rárá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló wá gbà?

ÀBÚRÒ: [Ó wúkọ́.] Ẹ̀yin.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi wo?

ÀBÚRÒ: Mo sọ fún Màmá pé mo ti pè yín láàárọ̀. Pé ẹ ti gbà. Ẹ mọ̀ wọ́n, wọn ò ní wọlé láìjẹ́ pé Àkọ́bí wọn mọ̀ sí i. Mo rò pé tí mo bá pè yín lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọlé—

Ẹ̀GBỌ́N: O fi ẹnu mi gbà! O fi ẹnu mi gbà fún iṣẹ́ abẹ ìyá mi!

ÀBÚRÒ: Ìyá mi náà ni, Àǹtí!

Ẹ̀GBỌ́N: Má pariwo mọ́ mi!

ÀBÚRÒ: Ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n wọn ò gba èmi gbọ́ pátápátá. Wọ́n ní tó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí ẹ sọ ọ́ lẹ́nu ara yín. Ìyẹn ni mo ṣe pè.

Ẹ̀GBỌ́N: Gbé bẹ́ẹ̀dì yẹn padà. Ṣé o gbọ́ mi? Gbé ìyá mi kúrò níbẹ̀ kíákíá.

ÀBÚRÒ: Dókítà nìyí. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ ná.

Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò bá dókítà kankan—

[Fóònù ń kọjá láti ọwọ́ kan sí òmíràn. Ilẹ̀kùn kan pa dé.]

DÓKÍTÀ: Hẹ́lò. Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èmi ni dókítà egungun tó ń tọ́jú Màmá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Mi ò gbà.

DÓKÍTÀ: Mo gbọ́, mà. Mi ò ní fipá mú yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú tíátà ti ń rán egbò, wọ́n fẹ́ jáde. Màmá ló kàn. Tí kì í bá ṣe Màmá, màá pe ẹlòmíràn, nítorí èrò pọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló dé tí P.O.P. ò ṣiṣẹ́? Ìyá ọ̀rẹ́ mi dàgbà ju tèmi lọ, P.O.P. ni wọ́n fún un, ó ti ń fọṣọ báyìí.

DÓKÍTÀ: Òótọ́ lẹ sọ. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, P.O.P. tó wọn. Kò di dandan kí egungun tọ́ bíi rúlà kó tó wúlò. Nígbà tẹ́ ẹ ní rárá lọ́jọ́sí, ṣé ẹ rí i pé mi ò bá yín jà?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ ò jà.

DÓKÍTÀ: Torí mo rò pé ó lè dúró ni. Kò dúró. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń kùn lọ́dọ̀ yín yẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀rọ ìyẹ̀fun ni. Ilé búrẹ́dì ni mo ní.

DÓKÍTÀ: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá bu búrẹ́dì sí méjì, kí ló wà nínú rẹ̀?

Ẹ̀GBỌ́N: Dókítà, ṣé àkókò eré nìyí?

DÓKÍTÀ: Ẹ dá mi lóhùn, mà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ihò. Ihò kéékèèké.

DÓKÍTÀ: Tí ìyẹ̀fun bá wá wú jù ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Ihò á tóbi. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dúró bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é, inú á ṣófo. Tí ọwọ́ bá kàn tẹ̀ ẹ́ báyìí, á rì wọlé.

DÓKÍTÀ: Bí egungun Màmá ṣe rí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ṣubú, tí wọ́n fi ọwọ́ gbara lé ilẹ̀, kì í ṣe pé ó ṣẹ́ nìkan. Ó rì wọlé. P.O.P. ń di òde mú. Kò lè gbé ohun tó ti rì dìde.

Ẹ̀GBỌ́N: Tí inú bá ṣófo, kí wá ni irin yín fẹ́ dì mú? Ẹ̀yin náà á wulẹ̀ máa lu ihò sínú ihò ni.

DÓKÍTÀ: Ó yẹ kẹ́ ẹ bèèrè. Àwọn screw àtijọ́, ìṣó tí a ń yí wọlé, egungun ni wọ́n ń dì mú. Tí egungun bá rọ̀, wọ́n á yọ. Èyí tá a fẹ́ lò yìí, orí rẹ̀ ń tì mọ́ ara irin pẹlẹbẹ náà. Irin àti screw á di ọ̀kan ṣoṣo, á wà ní ìhà àtẹ́lẹwọ́, á gbé egungun ró títí á fi—

[Ìlà ń já. Ohùn ń gé.]

Ẹ̀GBỌ́N: Títí á fi kí ni? Dókítà? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

DÓKÍTÀ: —títí á fi jiná. Ṣé ẹ gbọ́ mi, mà?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́. Ṣé ẹ lè ṣèlérí fún mi pé kò sí ewu?

DÓKÍTÀ: Rárá, mà. Egbò lè kẹ̀. Ọwọ́ lè le. Irin lè máa ha iṣan, ká tún wá yọ ọ́. Mi ò sì lè sọ pé ọwọ́ náà á padà rí bí ti tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Tá a bá sì ṣe é tán, a ṣì gbọ́dọ̀ fún wọn ní oògùn egungun, torí tí a bá fi egungun náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìṣubú tó kàn, ìbàdí ló máa ṣẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ wá rò pé èmi á gbà, pẹ̀lú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀ yìí?

DÓKÍTÀ: Iṣẹ́ wo ni Màmá ń ṣe?

Ẹ̀GBỌ́N: Télọ̀ ni wọ́n. Tẹ́lẹ̀.

DÓKÍTÀ: "Tẹ́lẹ̀" yẹn, wọn ò sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní "télọ̀ ni mí." Tó bá jẹ́ ẹni tó kàn fẹ́ jókòó gba atẹ́gùn ni, mi ò ní pè yín. Wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ yẹn di àlùmọ́gàjí mú, kí wọ́n fún un pọ̀. Bó ṣe tẹ̀ yìí, kò ní lè fún un pọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ̀rù ń bà mí, kì í ṣe agídí. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni wọ́n pe ti bàbá wa náà. Ìpá lásán. Èmi ni mo tẹ̀ lé bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní, "Bá mi mú un dání." Dókítà, fìlà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi oorun sí i lára, kò jí mọ́.

DÓKÍTÀ: Ẹ kú àmúmọ́ra. [Ó rọra sọ̀rọ̀.] A ò ní fi oorun sí Màmá lára. Apá yẹn nìkan la ó gún lábẹ́rẹ́, tí kò ní mọ ohun tá à ń ṣe. Ojú wọn á là. Ẹnu wọn á sì máa ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ti ń rí wọn.

Ẹ̀GBỌ́N: [Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in tán.] Ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lónìí.

[Ohùn kan lọ́dọ̀ Ẹ̀GBỌ́N: "Mádàámù! Èyí tó wà nínú ààrò ti ń pọ́n jù o!"]

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ jẹ́ kó pọ́n! Ẹ fún mi ní Màmá.

[Táyà kékeré ń yí. Ẹnì kan ń mí lẹ́nu fóònù.]

MÀMÁ: Àkọ́bí mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Màámi. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi.

MÀMÁ: Ṣé òótọ́ ni pé o gbà?

ÀBÚRÒ: [Láti ẹ̀yìn.] Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́—

MÀMÁ: Dákẹ́ ńbẹ̀, mi ò bá ọ sọ̀rọ̀. Àkọ́bí mi, ṣé o gbà?

Ẹ̀GBỌ́N: Rárá, Màámi. Mi ò tíì gbà. Irọ́ ló pa.

MÀMÁ: Mo mọ̀. Ọmọ yìí ò mọ irọ́ pa láti kékeré. Tó bá ti ń purọ́, á máa fa etí ara rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ó fa etí títí, mo rò pé á já.

Ẹ̀GBỌ́N: Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ fi àlùmọ́gàjí yẹn gé P.O.P.? Ẹ̀yin náà! Ẹ nà mí lọ́jọ́ tí mo fi gé pépà tí mo fẹ́ fi bo ìwé mi!

MÀMÁ: Mo nà ọ́ dáadáa.

Ẹ̀GBỌ́N: Pépà lásán! Ẹ ní àlùmọ́gàjí aṣọ, aṣọ nìkan ló gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án nínú ilé. Bàbá ò lè fi gé irùngbọ̀n. Ẹ wá fi gé nǹkan tó le bíi sìmẹ́ńtì!

MÀMÁ: Ó ti kúnu. Mo mọ̀ pé á kúnu kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló wá dé?

MÀMÁ: Mo fẹ́ rí ọwọ́ mi. Àwọn ìka ń le sí i lójoojúmọ́, gbogbo yín ń sọ pé ó ń san. Mo rẹ ẹ́ sínú omi títí ó fi rọ̀, mo fi ọwọ́ òsì gé e díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ṣí, mo fi àlùmọ́gàjí sí ọwọ́ ọ̀tún. Ó já bọ́. Mo ṣà á, mo tún fi sí i. Ó tún já bọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Màámi...

MÀMÁ: Mo jókòó sórí ilẹ̀ níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ṣé o gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo ń gbọ́ yín.

MÀMÁ: O wá láti ọ̀nà jíjìn, o tọ́jú mi, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n o kó irinṣẹ́ mi sínú àpótí, o sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. O ní, "Màámi, iṣẹ́ ti parí." Ta ló sọ fún ọ pé iṣẹ́ ti parí?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo fẹ́ kẹ́ ẹ sinmi ni.

MÀMÁ: Mo ti ń sinmi. Ìsinmi náà ló ń pa mí yìí.

ÀBÚRÒ: [Láti ẹ̀yìn.] Màmá, wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn.

MÀMÁ: Jẹ́ kí wọ́n ṣí i. Ohun tí ọmọdébìnrin dókítà yìí wí, ó yé mi ju bó ṣe yé ẹ̀yin lọ. Aṣọ tó bá ti gbó, tó fẹ́lẹ́, a kì í rán bọ́tìnnì mọ́ ọn lásán, á fà á ya. A máa ń fi nǹkan tó le sẹ́yìn rẹ̀ ná. Mo ti ṣe é fún aṣọ àìmọye èèyàn. Kí ló dé tí wọn ò ní ṣe é fún mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Fìlà Bàbá ni mò ń rí, Màámi. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pe tíátà, fìlà yẹn ni mò ń rí.

MÀMÁ: Èmi náà ń rí i. Ẹ̀rù ń ba èmi gan-an. Béèrè lọ́wọ́ àbúrò rẹ.

[Ohùn nọ́ọ̀sì kan: "Dókítà, àyè ti ṣí. Ṣé Màmá ń wọlé, àbí ká pe ẹni tó kàn?"]

DÓKÍTÀ: [Láti ẹ̀yìn.] Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi ju àlùmọ́gàjí yẹn sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọlé tó bẹ́ẹ̀?

MÀMÁ: Tí mo bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ tún máa tì í mọ́lé. Àpótí míì lẹ máa rà, tí ikán ò lè jẹ. Tí ọwọ́ mi bá wá san, kí ni màá fi gé aṣọ? Tí wọ́n bá fẹ́ tún ọwọ́ yìí ṣe láti fi máa di rìmóòtù mú, kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó wọ́.

[Ìlà ń já.]

Ẹ̀GBỌ́N: Màámi? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Màámi!

MÀMÁ: Mo wà níbí.

[Ohùn kan lọ́dọ̀ Ẹ̀GBỌ́N: "Mádàámù, ó ti ń jóná o!"]

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ yọ ọ́ fúnra yín! Ṣé èmi ni mò ń yọ ọ́ lójoojúmọ́ ni? Ẹ sì pa ẹ̀rọ yẹn, mi ò gbọ́ ìyá mi!

[Ẹ̀rọ dákẹ́. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.]

Ẹ̀GBỌ́N: Màámi. Ẹ fún Fíríìjì ní àlùmọ́gàjí yẹn.

MÀMÁ: Kó gbé e lọ síbo?

Ẹ̀GBỌ́N: Kó lọ pọ́n ọn. Lónìí yìí. Kẹ́ ẹ tó jáde síta, kí ẹnu rẹ̀ ti mú.



MÀMÁ: O gbà?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbà. Àyà mi ṣì ń já, ṣùgbọ́n mo gbà. Mi ò tì í mọ́ àpótí mọ́ láé. Màá ju kọ́kọ́rọ́ yìí sínú ààrò.

MÀMÁ: Má jù ú sínú ààrò. Àwọn èèyàn fẹ́ jẹ búrẹ́dì.

[ÀBÚRÒ bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì wà nínú rẹ̀. Irin kan dún lára irin bẹ́ẹ̀dì.]

ÀBÚRÒ: Ó ti bọ́ sọ́wọ́ mi, Àǹtí. Wọ́n ti fún mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Màámi, ẹ ṣì wà níbẹ̀?

MÀMÁ: Mo wà. Gbọ́. Fìlà bàbá yín, ó ti di tìrẹ, tọ́jú rẹ̀. Àlùmọ́gàjí yìí, mo yá yín ni o. Mò ń bọ̀ wá gbà á.

Ẹ̀GBỌ́N: [Ó ń sunkún.] Ẹ wá gbà á, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbà á.

NỌ́Ọ̀SÌ: Màmá, fóònù ò gbọdọ̀ wọlé o.

MÀMÁ: Mo ti ń parí. Àkọ́bí mi, sọ fún àbúrò rẹ, kò ní gbọ́ tèmi: kó má gbé e fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ pọ́n ọ̀bẹ. Ẹ̀rọ á jẹ irin rẹ̀ tán.

Ẹ̀GBỌ́N: Màá sọ fún un.

[Táyà bẹ́ẹ̀dì ń yí. Ilẹ̀kùn ńlá kan ń ṣí. Ohùn ń jìnnà.]

MÀMÁ: Kó wá bàbá àgbà kan tó ní òkúta. Kó rọra pọ́n ọn. Ọwọ́ ni kó fi pọ́n ọn. Ṣé o gbọ́ mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbọ́, Màámi!

MÀMÁ: Ọwọ́ ni o. Ọwọ́—

[Ìpè já.]